Ata Fàdílátù Kò Ta Mọ́

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ewúrẹ́ kan tí etí ẹ̀ kan ti gé wọ ọgbà Fàdílátù ní Woji, ní Port Harcourt, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó na ọrùn sí atẹ ata rodo tó sá sí ibi afẹ́fẹ́, ó sì jẹ gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ o. Kò sín, kò sáré, kò tu ú dànù. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ kùkúńbà. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó yán, ó wá wo Fàdílátù lójú bíi pé kó gbé òmíràn wá.

Ata rodo yẹn kì í ṣe eré. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tó wá fi nu ojú, á pe orúkọ ìyá ẹ̀, á tún pe ti ìyá ẹlòmíì. Ewúrẹ́ yìí kàn rọra rìn lọ sídìí gọ́tà, ó tẹrí ba, ó mumi.

Ìgbà yẹn ló wá ké.

Èèyàn ló ń ké bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ kì í ké bẹ́ẹ̀. Ó fò sókè, ó fi orí gbá géètì, ó gba títì lọ. Ẹni tó ni ín ṣì ń wá a.

Orí Fàdílátù wú. Ó dúró tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ata inú ìgò niṣẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìkòkò kan ló ń sè lẹ́ẹ̀kan, nínú ṣẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé: ata rodo tó ti yan lórí èédú, edé, àlùbọ́sà, epo, àti nǹkan kan tí kì í sọ fún èèyàn. Òsúkè lorúkọ tó lẹ̀ mọ́ ìgò, torí òsúkè ló fi ń dán an wò. Tó bá sè é tán, á fi ṣíbí kan ẹnu. Tó bá ti súkè, ata ti jinná. Tí kò bá súkè, iná ò ní kú. Gbogbo àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní Woji, Òsúkè ni wọ́n ń dà sí i.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ó fi ṣíbí kan ata inú ìkòkò, ó tọ́ ọ wò. Kò súkè. Ó bu ẹ̀kún ṣíbí. Kò súkè. Ó wá bu ìgbakọ kan, ìgbakọ gan-an, ó gbé e mì. Bí ẹ̀kọ tútù ló ṣe sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lèyí?" Ó gbé ife omi, ó fi ṣan ẹnu.

Àfi bíi pé wọ́n da èédú pupa sí i lọ́fun. Ife já bọ́. Ó dì mọ́ ìlẹ̀kùn.

"Boma! Boma o!"

Boma, ọmọ Kàlàbárí tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú géètì, sáré wọlé tòun ti abẹ̀bẹ̀.

"Aunty Fadi, wetin happen? Na snake?"

"Omi," ni Fàdílátù ń wí. "Omi ló ń ta mí."

Boma bu omi náà, ó mu ún. "Na ordinary water na." Ó fi ìka kan ata inú ìkòkò, ó lá a, ó bú sẹ́rìn-ín. "Aunty, this one sweet like tomato! Una forget pepper?" Ó tún bu omi, ó mu ún lé e.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ igbe Boma, ẹ máa rò pé ewúrẹ́ yẹn ló padà wá.

Oró ti Boma lọ kí oòrùn tó mú. Ti Fàdílátù ò lọ.

*

Ká fi í síbẹ̀, ká lọ sí Borokiri, lópin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìntì ń gbé níbẹ̀ létí omi, ará Ìkàrẹ́, Akínfẹ́nwá lorúkọ ẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Ó ti bọ́ aṣọ ìjọba, àmọ́ iṣẹ́ ò tíì bọ́ lára ẹ̀. Bẹ́líìtì ọlọ́pàá ló fi ń di ṣòkòtò ilé. Tó o bá wá gba oògùn lọ́dọ̀ ẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìbéèrè lù ẹ́ bí ẹni tó jí ewúrẹ́.

"Dúró síbẹ̀! Orúkọ?"

"Dappy, sà."

"Orúkọ tí bàbá ẹ sọ ẹ́ ni mò ń bi ẹ́!"

"Adédàpọ̀, sà."

"Ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́ ṣá?"

"Daddy mi na Ìjẹ̀bú, sà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n. Here ni wọ́n born mi, sà."

"Wọ́n born ẹ. Kò burú. Ẹjọ́ ta lo mú wá?"

Adédàpọ̀ ní Fàdílátù ni. Ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ ẹ̀ kọ́ṣẹ́, ó ń pè é ní àǹtí, ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀. Ó wá jáde, ó ṣe tiẹ̀: ìgò tó ń dán, àwòrán kìnnìún tó ń pọ iná jáde lẹ́nu. Ó gbé e kiri ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì láti Woji dé Rumuokoro. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dá a padà fún un. "My brother, na Osuke we dey use."

"Mi ò fẹ́ kó die, sà," ló wí. "Kí market ẹ̀ sá just down."

Sájẹ́ǹtì wò ó títí tí ojú fi tì í. Ó da ataare sí i lọ́wọ́.

"Ataare yìí ò lè dá nǹkan kan ṣe. Ọ̀rọ̀ ni oògùn. Bó o bá ṣe pè é ló ṣe máa jẹ́. Rún un lẹ́nu, tu ú sí ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata, kó o wá sọ báyìí."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ajá tó ń gbó níta dákẹ́.

"Ata Fàdílátù kò ní tà mọ́. Omi lásán ni yóò tà jù ú lọ. Ẹnu mi ló so ó, ẹnu mi nìkan ni yóò tú u. Tún un pè."

Adédàpọ̀ tún un pè. Yorùbá lẹ́nu ẹ̀ dà bí bàtà tí wọ́n yá wọ̀: ó ń rìn nínú ẹ̀ o, àmọ́ ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ló ń kọjá lọ nígbà yẹn, ẹ́ńjìnì ẹ̀ bo gbogbo ohùn. Sájẹ́ǹtì kàn rí ètè tó ń mì.

"Ó dáa. Dismiss."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ewúrẹ́ tó dé, Adédàpọ̀ yọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀dì Fàdílátù. Ó rún ataare, ó tu ú sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń ka nọ́ńbà mọ́tò:

"Ata Fàdílátù kò ní ta mọ́. Omi lásán ni yóò ta jù ú lọ. Ẹnu mi ló so ó, ẹnu mi nìkan ni yóò tú u."

Ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n ní kó sọ pé *tà*, bí ọjà ṣe ń tà. Ó sọ pé *ta*, bí ata ṣe ń ta èèyàn lẹ́nu. Ohùn kan péré ló gbé sókè. Ẹ̀rọ náà sì mì fúnra ẹ̀, láìsí iná ẹlẹ́ńtíríìkì.

*

Ọjà wá ńkọ́? Ta ló ṣépè fún ọjà? Kò sẹ́ni tó ṣépè fún ọjà.

Boma ò lè pa ẹnu mọ́. Ó sọ fún ẹni kan, ẹni yẹn sọ fún gbogbo àwọn tó ń wa kéké. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, èrò ti kún ẹnu géètì.

"Aunty, abeg, that pepper wey dey wait for water!"

"Chai! I lick am, e no do me anything. I drink pure water, I see my grandfather!"

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi í bára wọn ta tẹ́tẹ́: wọ́n á lá ata, wọ́n á mumi, wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí títì, wọ́n á dìde, wọ́n á tún rà. Boma ló ń dá a tà. Ìgò ò dúró. Òsúkè ò tà báyìí rí látọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ẹni tó ni ín sì ń kú lọ nínú yàrá.

Ohun tó bá ti ń jẹ́ omi ló ń ta Fàdílátù, torí orúkọ ẹ̀ ni wọ́n pè sẹ́nu ẹ̀rọ. Omi ẹ̀rọ. Omi ọsàn. Omi àgbọn. Omi ẹ̀kọ. Boma gbé wàrà wá, ó ní ìyẹn kì í jẹ́ omi. Wàrà wọlé díẹ̀, ó dé ọ̀fun, ó rántí pé omi lòun náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí, wọ́n ní àwọn máa fa omi sí i lára. Bí wọ́n ṣe dárúkọ omi yẹn ni ọwọ́ ẹ̀ ti wú. Òun fúnra ẹ̀ ló fa abẹ́rẹ́ yọ.

Kò lè sunkún. Omijé náà omi ni.

Èyí tó burú jù ni òjò. Òjò Port Harcourt kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan kó tó rọ̀. Fàdílátù á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ ọ tó ń ti apá Trans-Amadi bọ̀ lórí páànù àwọn èèyàn, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, bíi nǹkan tó ń yẹ ilé wò, tó ń wá ẹnì kan. Tó bá dé orí páànù tiẹ̀, á dúró síbẹ̀. Á pẹ́. Ihò kékeré kan wà lókè àjà. Ojú ẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀.

Ètè ẹ̀ ti là. Ohùn ẹ̀ ti di ti ewé gbígbẹ.

*

Mùjídátù dé láti Rumuokoro. Ẹ̀gbọ́n Fàdílátù ni, òun ló ń pèrò sí ọkọ̀ Ìbàdàn ní gáréèjì. Tó bá pe èrò, àwọn tó ń lọ sí Abúja gan-an á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló ṣe é?" ló fi wọlé.

"Àǹtí mi, ẹ rọra," ni Fàdílátù wí. "Àìsàn ni."

"Àìsàn wo ló ń mú ewúrẹ́? Kúrò ńbẹ̀!"

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, èèpo ataare tí wọ́n ti rún ló wà láàárín ìka ẹ̀. Ó sọ ohùn kalẹ̀, èyí tí kò ṣe rí.

"Èèyàn ni. Ó dúró sídìí ẹ̀rọ ẹ. Ó mọ ọ̀nà ilé yìí."

"Ta ni?"

"Èmi ò mọ̀. Á fi ara ẹ̀ hàn."

Ó da ata gbígbẹ tó rà lọ́jà sórí èédú. Èéfín dìde. Mùjídátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ ọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọ:

"Imú ló ń mọ̀ pé ata ń jó kí ẹnu tó mọ̀. Ẹni tó fẹnu ba ata àbúrò mi jẹ́, kí ẹnu rẹ̀ sá wọ inú imú. Kó máa ránmú. Kó ránmú kí n gbọ́. Kó ránmú kí n mọ̀ ọ́n."

Èéfín yẹn ò lọ sókè. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ó gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde, ó dé ẹnu géètì, ó yà sọ́wọ́ òsì bí ẹni tó mọ àdírẹ́ẹ̀sì.

Kò sẹ́ni tó sín nínú ilé.

*

Adédàpọ̀ wà nínú yàrá ẹ̀, ó gbé fóònù sórí igi, ó tan iná roboto, ó ń ṣe fídíò ìpolówó. "Hello my people, it's your boy Dappy." Ó tún un wò, ohùn tó jáde kì í ṣe tiẹ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n dì nímú mú. Ó fun imú. Nǹkan kan ò jáde. Ó tún sọ̀rọ̀, ó tún burú sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ ń gba imú.

Ó ní ọ̀fìnkìn ni. Ó sì fò sínú kéké, ó dorí kọ Borokiri, inú ń bí i.

"Sà, oògùn yín ò work! Ọjà ẹ̀ ń go! Gbogbo Woji ló ń buy!"

Sájẹ́ǹtì ń ya irùngbọ̀n. "Kí ló ṣe imú ẹ?"

"Cold, sà."

"Hmm. Ohun tó o sọ sídìí ẹ̀rọ, tún un sọ."

"Ata Fàdílátù kò ní ta mọ́..."

Kóòmù dúró sínú irùngbọ̀n.

"Kò ní kí ni?"

"Ta, sà."

"*Tà* ni mo wí!"

"Ehn, ta."

"Tà! Tà! Bí iyọ̀ ṣe ń tà!"

"Sà, same thing ni mò ń sọ."

Sájẹ́ǹtì jókòó.

"Obìnrin yẹn, ṣé ó ń mumi?"

"Wọ́n ní kò lè drink ẹ̀, sà. Wọ́n ní kò tíì drink anything látọjọ́ yẹn."

Omi ń gbá ẹsẹ̀ òpó ilé. Sájẹ́ǹtì na ìka sí i.

"O rí gbogbo eléyìí? Tó bá kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ò ní sùn síta. Ẹnu tó ti jáde ló máa padà sí. Òjò á máa wá ẹ kiri. Lọ bá a. Dúró níwájú ẹ̀, kó o pè é bó ṣe yẹ kó o pè é."

"Tí mo bá pè é well ńkọ́?"

"Omi á fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ata ẹ̀ á tún máa ta. Àmọ́ kò ní tà mọ́, ọjà ẹ̀ á kú. Ṣebí ohun tó o wá fún nìyẹn?"

Adédàpọ̀ fọwọ́ nu imú.

"Imú tó o sì ń pè ní ọ̀fìnkìn yẹn," ni Sájẹ́ǹtì wí, "ẹnì kan ti ń wá ẹ. Sáré."

*

Ọ̀sán ti ṣú bíi pé wọ́n da aṣọ bò ó. Òjò wà lókè, kò tíì já. Adédàpọ̀ kan ìlẹ̀kùn Fàdílátù.

"Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán o."

Gbogbo ẹ̀ gba imú jáde. Nínú ilé, Mùjídátù gbọ́ ọ. Kò bèèrè ta ni. Ó gbé ọmọ odó, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ kan fà á wọlé bí ẹni fa ẹrù sínú ọkọ̀.

"Ìwọ! Ìwọ tó o jẹ ẹ̀bà nínú ilé yìí! Jẹ́ kí n gún ọ!"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Mo come láti tú u! Tí wọ́n bá die mo die!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Fàdílátù wí láti orí ẹní. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ọ.

Adédàpọ̀ kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀, èyí tó yé wọn àti èyí tí wọ́n ní kó tún sọ torí imú. Nígbà tó dé ibi tí ọjà ti máa kú, Mùjídátù fi ọmọ odó gbá ilẹ̀.

"Má gbà! Orúkọ tó o fi gbogbo ara kọ́! Ká wá ọ̀nà míì, ká dá a padà sí i lórí, kó jẹ́ òun ló máa sá fún òjò!"

Fàdílátù ń wo ihò òkè àjà. Ó wo ìka ẹ̀ tí ata ti sọ di pupa. Ó ronú kan gbogbo ìgò tó ti dí, gbogbo ẹni tó ti súkè tó sì padà wá. Lẹ́yìn náà ó wo ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹran.

"Àǹtí mi, òkú kì í tajà," ló wí. "Dàpọ̀, súnmọ́ ibí. Wò mí lẹ́nu. Ṣépè fún mi dáadáa."

Bó ṣe di olùkọ́ ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ nìyẹn.

"Tà. Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀, bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀."

"Ta."

"Ìyẹn dúró láàárín. Sílẹ̀. Dò."

"Tá."

"O ti lọ sókè. Àǹtí mi, ẹ gbé ọmọ odó yẹn kúrò lójú ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Ó yá. Tà."

"Tàn."

"Kì í ṣe *tàn*! Má fi imú sí i!"

"Àǹtí, imú ni ò gba mi láyè!"

Fàdílátù yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ tú u nímú."

Mùjídátù wo ilẹ̀. "Dídè ni ìyá wa kọ́ mi. Wọn ò kọ́ mi ní títú."

Òjò já. Ó bọ́ sórí páànù lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta, ẹ̀kán omi kan sì gba ihò òkè àjà, ó kán sí Fàdílátù lẹ́sẹ̀. Ó ké. Igbe yẹn da orí Adédàpọ̀ rú pátápátá. Ó di etí, ó pajú dé, ó sì fi gbogbo agbára pariwo ẹ̀ látòkè délẹ̀:

"Ata Fàdílátù kò ní tán mọ́! Omi lásán ni yóò tán jù ú lọ!"

Òjò dá.

Kò rọra dá o. Ó dá gìrì, bí ẹni ti ẹ̀rọ pa. Ẹ̀kán kan tó ṣẹ́ kù lójú ihò òkè àjà fà padà sókè.

Fàdílátù fọwọ́ kan ibi tó tutù lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò ta á. Ó rá lọ sídìí ife, ó gbé e sẹ́nu. Omi wọlé. Ó tutù, kò ta, ó kàn ń lọ bí omi ṣe máa ń lọ. Omijé dà lójú ẹ̀, omijé ò ta á. Ó tún gbé ife náà sẹ́nu.

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹnu kan péré ló mu, ife sì gbẹ bíi pé wọ́n fi aṣọ nù ún.

"Ẹ bu òmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

Mùjídátù ṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì wúkọ́. Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́ jáde. Níta, Boma ń ké: "Aunty Fadi! My cooler don dry! Gutter don dry! Jesus, wetin be this?"

Nǹkan kan já bọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ọmọrí ìkòkò ni. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọ: pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, bí ẹni ń rìn bọ̀ láìwọ bàtà. Òórùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ojú gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n. Ó wá gba abẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ó pọ́n. Ó ki. Ó ń hó.

"Tán," ni Mùjídátù wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí ní *tán*."

Adédàpọ̀ dìde, ó sáré. Fàdílátù tí kò lè jókòó láàárọ̀ ló ṣáájú ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó tì í pa, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìró. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti ìlẹ̀kùn, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ẹnu ẹ̀ ti tún ń gbẹ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ń burn mi!"

"Mo mọ̀," ló wí. "Jókòó, ọmọ mi. Dò. Re. Mí. Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Adédàpọ̀ la ẹnu. Ata ti dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀.